Bikepacking: kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹrù díẹ̀, àti ẹni tó dá wọ ìgbẹ́

N'Íbàdàn lónìí, tí ẹ bá ní ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn, Márúwá ni wọn yóò rò pé ẹ wọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ o, básíkùlù onítáyà méjì. Ẹni tó bá di oúnjẹ, omi, àgọ́ àti aṣọ ìbora mọ́ ọn lára, tó gbé e gba ọ̀nà eléruku, tó sì ń sùn síbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u, bikepacking ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà bá backpacking tan, ìyẹn gbígbé àpò kọ́ ẹ̀yìn rìn wọ ìgbẹ́. Kẹ̀kẹ́ ló wá gba ẹrù lẹ́yìn èèyàn.

Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ. Láyé àtijọ́, irin ìgbẹ́rù ni wọ́n ń dè sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí wọ́n á fi àpò méjì há a ní ẹ̀gbẹ́ bí ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyẹn dára lójú títì. Ṣùgbọ́n lọ́nà oko tóóró, koríko á máa fa àpò náà, gbágungbàgun á sì máa tú nọ́ọ̀tì irin yẹn díẹ̀díẹ̀. Bikepacking yọ irin kúrò. Àpò gígùn kan wà lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òmíràn há sí àárín irin onígun mẹ́ta tó wà láàárín orúnkún, ìkẹta sì wà lẹ́yìn ìjókòó. Ohun tó bá wúwo, àárín ni kó wà, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa mì. Omi ló sì wúwo jù: líta 1, kílò 1. Tí ẹ bá gbé líta 6, ẹ ti fi kílò 6 kún ẹrù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń ka kànga tó wà lọ́nà kó tó ka ìlú.

Kí ló wá dùn níbẹ̀? Ìyá mi bi mí bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún un pé ṣé wọ́n ń lé mi ni. Èsì mi rèé. Ẹni tó wọ ọkọ̀ láti Mọ́níyà, létí Ìbàdàn, lọ sí Ìsẹ́yìn á kọjá Ìjàyè, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tú ní 1862, kò sì ní mọ̀ pé òun ti kọjá rẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, ilẹ̀ á ṣú u lọ́nà. Kẹ̀kẹ́ wà láàárín méjèèjì: ẹ ó gbóòórùn gàrí tí wọ́n ń yan, ẹni tó wà nínú oko á kí yín "ẹ kú ìrìn o", ẹ ó sì dá a lóhùn kí ẹ tó kọjá. Ẹni méjì tó jọ ń lọ a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó dá lọ, ará ọ̀nà ló máa bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó ni dídá sun ìgbẹ́. Kí ni àwọn ọdẹ wa ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá?

Ewu ni gbogbo èèyàn ń béèrè, ẹranko àti ejò ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Mike Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2016, ó gun kẹ̀kẹ́ nínú Tour Divide, ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ láti Banff ní Kánádà títí dé ẹnubodè Mẹ́síkò, ó lé ní kìlómítà 4,000. Òkè ni, aṣálẹ̀ ni, béárì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé olùdíje pẹ̀lú oúnjẹ tàbí àgọ́. Kò tó ọjọ́ 14 tó fi parí rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2017, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbá a pa lójú títì ọlọ́dà nítòsí Canberra ní Ọsirélíà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn èèyàn pé kì í ṣe ìgbẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù, Ọ̀jọ́ọ̀ ni. Láàárín Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́níyà, tírélà, máíkírà àti ọ̀kadà jọ ń du ọ̀nà kan náà. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ ti kọjá ibẹ̀, pẹ̀lú iná pupa lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ àti aṣọ tó ń tàn. Ẹ sì rántí pé ìmọ̀ràn àwọn ará Yúróòpù kò bá wa mu tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, wọ́n ṣì lè rí ọ̀nà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Níbí, kí aago méje ààbọ̀ tó lù, ó ti ṣókùnkùn.

Ìmọ̀ràn wọn kan tiẹ̀ léwu fún wa: pé kí èèyàn yà wọ inú igbó, kó pa àgọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Igbó tiwa kò ṣófo. Ó ní olóko, ó ní ọdẹ, ẹni tó bá sì lúgọ síbẹ̀ lóru, yálà ọdẹ kà á sí ẹran tàbí wọ́n kà á sí olè. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni kí ẹ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kí i dáadáa, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹ lè pàgọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kó ní kí ẹ wọlé wá sùn. Ẹ má jiyàn.

Ti ajínigbé ńkọ́? Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ṣeré. Òun ló fà á tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ n'Íbàdàn ní oṣù kìíní 2020. Ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn kò bá gbà mọ́, èmi kò ní gbà á. Gáréèjì ni mo ti máa ń béèrè, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń lọ.

Táyà ni mo kọ́kọ́ fi jìyà ní tèmi. Tíúbù kẹ̀kẹ́ mi jẹ́ irú èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Ó jò, mo tì í lọ bá fọkanáísà, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì wọ ẹnu rẹ̀ rárá. Bàbá náà wò mí títí. Láti ọjọ́ náà, ẹnu tíúbù bíi ti ọ̀kadà ni mò ń lò.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dé, bíi inReach ti Garmin. Ó dára, àmọ́ ẹni tó máa wá gbé yín ṣì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Èmi ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mókọ́lá. Mo máa ń fi nọ́ńbà baálẹ̀ ibi tí mo bá fẹ́ sùn ránṣẹ́ sí wọn, aago méje ni mo sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀kọ àti ìtàn gbà mí lọ́kàn, aago mẹ́jọ kọjá. Baálẹ̀ jáde wá, ó na fóònù ara rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni. Inú wọn kò dùn o."