Kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ kéwú ni Lárúbáwá

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tún gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá bá mi. Tehran, olú ìlú Iran, ni ìwé náà ti wá. Ó ti kọ́kọ́ gbé e fún ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbufọ̀. Onítọ̀hún ti gbowó, ó ti tẹ òǹtẹ̀, àwọn tí ọmọ náà sì gbé e lọ fún ti dá a padà. Mo wo ibi tí àdírẹ́sì wà. Khiyaban-e Enqelab ló wà nínú ojúlówó ìwé. "Òpópónà Ìfipágbàjọba" ni ògbufọ̀ yẹn kọ sí i.

Ìkẹrin irú rẹ̀ nìyí lọ́dún yìí. Inú bí mi, mi ò ní purọ́.

Èdè Lárúbáwá, èdè Páṣíà àti èdè Tọ́kì ni mo ń túmọ̀, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi ṣe oúnjẹ òòjọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ "Ọ̀gá, ẹ bá mi ka Lárúbáwá yìí," kí n sì rí i pé Páṣíà, èdè àwọn ará Iran, ni. Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé pé Iran àti Tọ́kì kì í ṣe ilẹ̀ Lárúbáwá. Láti 1945 tí wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sílẹ̀ ní Cairo, kò sí èyí tó ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rí nínú àwọn méjèèjì. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò, Enqelab inú àdírẹ́sì ọmọ yẹn: انقلاب. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀, kí nǹkan yí dojú dé ni ìtumọ̀ rẹ̀ látilẹ̀. Àwọn ará Páṣíà yá a, àwọn ará Tọ́kì náà yá a. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú oníkálukú rí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kò dọ́gba, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà fi di mẹ́ta.

Lẹ́nu Lárúbáwá, inqilab ni kí ṣọ́jà jí lóru kí wọ́n gba ilé ìjọba. Lọ́dún 1949 nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ológun gbàjọba ní Síríà. Nígbà tí Nasser àti àwọn ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ lé Ọba Farouk kúrò ní Íjíbítì ní July 1952, wọn ò fẹ́ kó máa jẹ́ inqilab. Thawra ni wọ́n wá ń pè é, ìyẹn ni pé gbogbo ìlú ló dìde. Títí dòní, èyí tí ará Íjíbítì bá pè é nínú méjèèjì ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà.

Ẹ kọjá sí Iran. Enqelab ni wọ́n ń pe ìjàkadì tí wọ́n fi gba òfin ìjọba lọ́wọ́ ọba lọ́dún 1906, òun náà ni wọ́n ń pe ti 1979 tí èrò tú sí ìgboro, tí Shah, ọba wọn, fi sá lọ ní January, tí Khomeini, olórí ẹ̀sìn tó ṣáájú ìdìde náà, sì wọ Tehran ní ọjọ́ kìíní oṣù February. Òpópónà tó wà nínú ìwé ọmọ yẹn, orúkọ Reza Shah, bàbá ọba tó sá lọ, ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ ọba, wọ́n fi orúkọ ìdìde ará ìlú sí i. Tó bá wá di ti ìfipágbàjọba, àwọn ará Iran ò lo ọ̀rọ̀ Lárúbáwá rárá, ọ̀dọ̀ Faransé ni wọ́n ti yá kudeta. Kudeta ni wọ́n ń pe ọjọ́ 19 oṣù August 1953, nígbà tí àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe yẹ àga mọ́ olórí ìjọba wọn, Mosaddegh, nídìí, nítorí pé ó ti sọ epo rọ̀bì di ti orílẹ̀-èdè lọ́dún 1951. Ẹni tó bá pe enqelab ní ìfipágbàjọba ti gbé 1953 wọ 1979 lẹ́wù. Ó ti kó egbò àti ohun tí wọ́n fi dáhùn egbò náà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tí ò mọ èyí, kí ló ń tẹ òǹtẹ̀ sí?

Ti Tọ́kì ló ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Inkılap ni àwọn ń pe àtúntò tí Mustafa Kemal, ẹni tó dá orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní sílẹ̀, ṣe. Wọ́n fòpin sí ipò Sọ́táànì lọ́dún 1922, wọ́n fòpin sí ipò Kálífà ní March 1924, wọ́n ka fìlà pupa olókùn yẹn léèwọ̀ lọ́dún 1925. Lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ kan lẹ́tà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November 1928, ilé aṣòfin ṣòfin pé lẹ́tà kéwú kúrò níbẹ̀, kí wọ́n máa fi irú ABD tiwa yìí kọ èdè Tọ́kì, lẹ́tà 29. Nígbà tí January 1929 máa fi wọlé, ìwé ìròyìn tó bá fi ti àtijọ́ jáde ti rú òfin. Kemal fúnra rẹ̀ gbé pátákó ìkọ̀wé kiri ìlú, ó ń kọ́ àgbàlagbà.

Ẹ rò ó wò ná. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́dún yẹn ò lè ka ìwé ogún tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ. Ó dé itẹ́ òkú, kò lè ka orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ lára òkúta. Láti 1932, wọ́n tún ń ṣa ọ̀rọ̀ Lárúbáwá àti ti Páṣíà kúrò nínú èdè bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, débi pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí Kemal sọ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1927, wọ́n ní láti tún un kọ kó tó yé àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ìrun pípè pàápàá, èdè Tọ́kì ni wọ́n fi ń pè é láti 1932 títí di 1950. Ẹ rántí pé nígbà tí Sọ́táànì Abdul Hamid Kejì fi oyè Bey dá Mohammed Shitta, gbajúmọ̀ oníṣòwò Mùsùlùmí, lọ́lá l'Ékòó lọ́dún 1894, lẹ́tà kéwú ni Istanbul, ìlú Sọ́táànì, fi ń kọ̀wé. Kò ju ọdún 34 lọ sí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ yí padà.

Iran ò ṣe bẹ́ẹ̀. Reza Shah fipá ṣí ìbòrí lórí obìnrin lọ́dún 1936, ṣùgbọ́n kò yọ lẹ́tà kéwú. Ibẹ̀ ni àwọn ayédèrú ògbufọ̀ ti ń rí jẹ. Mi ò bú oníkéwú, ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ èmi náà ní wàláà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè pe lẹ́tà jáde lẹ́nu kò tíì gbọ́ èdè. Tí ẹ bá rí پ tàbí چ tàbí ژ tàbí گ nínú ìwé yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kì í ṣe Lárúbáwá. Tí ẹ ò bá rí wọn, ẹ má tíì sinmi.

Ìyá kan wà tó ń bá ìdílé kan láti Iran tọ́jú ilé. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n kó ẹrù ilé ìdáná fún un. Ìgò kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sí i lára: زهر. Ìyá gbé e lọ fún aláfàá àdúgbò. Aláfàá kà á, kò sì ṣì í pè: zahr. Òdòdó ni lédè Lárúbáwá, àwọn Lárúbáwá sì máa ń fi omi òdòdó ọsàn sí oúnjẹ dídùn. Ó ní ohun ìbùkún ni, kí ìyá bù ú sínú omi hàntú fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá.

Lédè Páṣíà, zahr ni májèlé. Lẹ́tà kan náà, kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rin tí mo kà sókè yẹn níbẹ̀.

Ìyá yẹn gbọ́n ju aláfàá lọ. Ó kọ́kọ́ fọ́n ọn sí oúnjẹ adìẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́ta ti kú. Ó fi ọ̀rá mẹ́ta we ìgò náà wá bá mi, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ṣé mo ṣẹ Ọlọ́run ni? Ṣé nítorí pé mo fi ohun mímọ́ fún adìẹ ni wọ́n ṣe kú?"

Mo sọ ohun tó wà lára ìgò fún un. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun ń sáré lọ sílé, pé òun ti bu ti ọmọ náà sínú ife lálẹ́ àná, ó ṣì wà lórí tábìlì.