Kí Ni Ghurba Nínú Ewì Lárúbáwá Òde Òní?

Ghurba, ìyẹn ipò ẹni tó di àjèjì, jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó máa ń jẹ yọ lemọ́lemọ́ nínú ewì Lárúbáwá òde òní. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí àjò kò ṣì í pátápátá, ṣùgbọ́n àjò ní ọjọ́ àbọ̀, àwa náà la sì máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ghurba dé bá lè máà ní ọjọ́ àbọ̀ kankan. Gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde pẹ̀lú gharīb, èyí tó ń jẹ́ àjèjì, àti gharb, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn.

Ìkejì rẹ̀ ni ḥanīn, tí í ṣe àárò. Láyé àtijọ́, igbe tí abo ràkúnmí ń ké nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Badr Shakir al-Sayyab, ọmọ abúlé Jaykur nítòsí Basra, sá kúrò ní Ìráàkì nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, ó sì kọ ewì kan ní Kùwéètì ní 1953 nípa àjèjì tó jókòó sétí òkun. Nínú ewì náà, àjèjì yìí kọjá níwájú ilé kọfí kan, ó sì gbọ́ Ìráàkì nínú àwo orin tó ń yí. Kùwéètì kò kúkú jìnnà sí Basra, síbẹ̀ owó ọkọ̀ kò pé, ó ń ka owó ẹyọ, ó ń tún un kà, ó sì ń bá owó náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ewì náà ti le jù.

Ti Mahmoud Darwish, akéwì ọmọ Palẹ́stínì, tún yàtọ̀. Ogun lé ìdílé rẹ̀ kúrò ní abúlé al-Birwa ní 1948. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ́ wọlé padà láti Lẹ́bánónì, abúlé ti di ahoro, òfin Ísírẹ́lì sì kà wọ́n sí ẹni tí kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Ènìyàn lè tipa báyìí wà nínú ghurba lórí ilẹ̀ baba rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú ewì tó kọ sí ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ara ḥanīn ló ti wá, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìlú kankan: àárò búrẹ́dì ìyá àti kọfí ìyá ló ń sọ ọ́. Ó ní bí òun bá padà dé, kí ìyá òun fi òun ṣe igi ìdáná nínú ààrò, tàbí okùn tí yóò máa sá aṣọ sí lórí òrùlé.