Vesayet: Agbára Ológun Lẹ́yìn Ìjọba ní Túrkì

Nílé ẹjọ́ Túrkì, vesayet ni àṣẹ tí alágbàtọ́ ní lórí ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́. Nínú òṣèlú, wọ́n ń lò ó fún ètò tí ará ìlú ti ń dìbò yan ìjọba, ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀gágun ń pinnu ibi tí ìjọba náà kò gbọdọ̀ kọjá.

Ààlà tí àwọn ológun ń ṣọ́ ni laiklik, ìlànà tí Mustafa Kemal Atatürk, olùdásílẹ̀ Túrkì òde òní, gbé orílẹ̀-èdè náà lé lẹ́yìn 1923. Ẹni tó bá rò pé laiklik ni kí ìjọba yọwọ́ kúrò nínú ẹ̀sìn ti ṣì í gbọ́, nítorí ìjọba ló ń darí ẹ̀sìn níbẹ̀. Ọdún 1924 tí wọ́n fagi lé ipò Kálífà náà ni wọ́n dá àjọ Diyanet sílẹ̀, òun ló sì ń yan lẹ́mọ́ọ̀mù, tó ń san owó oṣù wọn. Ẹni tó bá gba ìjọba, ó gba Diyanet mọ́ ọn.

Abala 35 òfin iṣẹ́ ológun ló gbé iṣẹ́ ìṣọ́ yìí lé wọn lọ́wọ́, òun náà sì ni Ọ̀gágun Kenan Evren dì mú nígbà tó fipá gbàjọba ní 1980. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ológun ti gbàjọba ní 1960, wọ́n sì yẹgi fún Adnan Menderes, olórí ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn, ní 1961. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún 1997 ni vesayet hàn kedere jù lọ, nítorí ìbọn kankan kò dún. Nínú ìpàdé Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀gágun gbé ohun 18 ka iwájú Necmettin Erbakan, olórí ìjọba tó fi Ìsìláàmù ṣe òpómúléró òṣèlú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn di ọdún 8, èyí tí yóò ti ìpele ìsàlẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ lẹ́mọ́ọ̀mù pa. Erbakan fọwọ́ sí i. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ó ti fipò sílẹ̀.

Ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni Recep Tayyip Erdoğan, tí òun náà ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́rin ní 1999 nítorí ewì tó kà níta gbangba. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Nígbà tí ẹgbẹ́ AKP rẹ̀ wọlé ní 2002, bí Túrkì yóò ṣe wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń sọ, àtúnṣe tí Yúróòpù sì bèèrè fún ló fi dín agbára àwọn ọ̀gágun kù nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ní 2007, nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ fi Abdullah Gül, ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ìyàwó rẹ̀ ń lo híjáàbù, jẹ ààrẹ, àwọn ológun gbé ìkìlọ̀ sórí ìkànnì wọn lóru pé àwọn kò ní káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ laiklik. Ìjọba pe ìbò, ó borí, Gül sì jẹ ààrẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé àwọn ológun lọ sílé ẹjọ́. Nínú ẹjọ́ Balyoz, a dá èyí tó ju 300 lẹ́bi ní 2012, lórí ìwé ìdìtẹ̀ tí wọ́n ní a kọ ní 2003. Ṣùgbọ́n Calibri, irú ìkọ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tó bá Microsoft Office 2007 jáde, wà nínú ìwé náà. Àwọn ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba tó ń tẹ̀lé Fethullah Gülen, oníwàásù Ìsìláàmù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Erdoğan nígbà náà, ni ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n wà nídìí rẹ̀. Ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ tó dá wọn láre, nígbà tí ipò wọn ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Nígbà tí apá kan nínú àwọn ológun dìtẹ̀ lóru ọjọ́ 15 oṣù Keje, ọdún 2016, Gülen ni ìjọba dá lẹ́bi. Òun sì sẹ́. Erdoğan fi fóònù bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn lẹ́mọ́ọ̀mù Diyanet sì ń ké sí wọn láti mọ́ṣáláṣí. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti kó ẹ̀sìn níjàánu ló wá ń pe èrò jáde láti kojú àwọn ológun. Ìdìtẹ̀ náà já sí pàbó, ṣùgbọ́n ó ju 240 ènìyàn tó kú.

Vesayet parí, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé ìròyìn tó yẹ kó máa yẹ ìjọba lọ́wọ́ wò kò gbapò rẹ̀. Ìjọba lé òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ju 100,000 lọ, ìbò tí ará ìlú dì ní 2017 lórí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ sì fagi lé ipò olórí ìjọba, ó kó agbára rẹ̀ fún ààrẹ. Láti 2018, mínísítà ètò ààbò ni ọ̀gá àgbà àwọn ológun ń jábọ̀ fún. Mínísítà náà, ààrẹ nìkan ló ń yàn án, ilé aṣòfin kò sì ní ohùn sí i.