Àtúntẹ̀ ló bí Word àti Excel

Taipísìtì ni Àǹtí mi l'Adó-Èkìtì, kó tó di pé wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó lọ́dún 1996. Pépà mẹ́ta ni wọ́n máa ń kì bọnú taipúráítà lẹ́ẹ̀kan, kábọ́ọ̀nù á wà láàárín wọn, tí ọwọ́ wọn bá wá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀ báyìí, wọ́n á kun Típẹ́ẹ̀sì sí i, wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ títí á fi gbẹ, wọ́n á tún tún ti ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ṣì kéré o. Tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n bá òun fi ìlà méjì kún ojú ewé àkọ́kọ́, gbogbo èyí tó kù ti sún nìyẹn, wọ́n á tún un tẹ̀ látòkè délẹ̀. Tó bá wá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n tẹ̀, wọ́n á ṣì mú bíró lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀.

Ìyà àtúntẹ̀ yìí gan-an ló bí gbogbo sọ́fúwéà tí à ń lò l'ọ́fíìsì lónìí. Lọ́dún 1964 ilé iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń pè ní MT/ST, taipúráítà náà ni, àmọ́ ó ní téèpù tó ń gba ohun téèyàn bá tẹ̀ pamọ́, èèyàn á tún àṣìṣe ṣe lórí téèpù, ẹ̀rọ á wá fúnra ẹ̀ tẹ gbogbo ẹ̀ jáde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé, WordStar, sọ́fúwéà tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, jáde lọ́dún 1978, ọ̀rọ̀ wá ń sún fúnra ẹ̀ lójú sìkírínì kí pépà tó dá sí i rárá.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ìṣirò. 1978 yẹn náà, Dan Bricklin ń kàwé ní Harvard Business School, ó ń wo tíṣà tó ń ṣírò lójú bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà kan yí padà báyìí, tíṣà ní láti nu gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e kó tún wọn ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi kókó tiwa wò ó: akọ̀wé ti kọ kílò kókó ẹni 40 sínú lẹ́jà, ó ti ṣírò owó kálukú, wọ́n wá ní owó kílò kan ti yí padà. Ìlà 40 ló máa fi ráábà pa, tótàlì ìsàlẹ̀ náà á bá a lọ. Bricklin rò ó pé kí àpótí kan kúkú máa wo àpótí kejì, tí ìyẹn bá yí, kí èyí náà yí. Òun àti Bob Frankston ló gbé èrò yìí jáde bíi sọ́fúwéà, VisiCalc, lọ́dún 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II, àwọn èèyàn sì ń ra kọ̀ǹpútà odindi torí sọ́fúwéà kan ṣoṣo yìí. Wọn ò gba páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lo èrò ẹni, lé e, kò wọ́pọ̀ nígbà yẹn, Lotus 1-2-3 ti Mitch Kapor dé lọ́dún 1983 ó gba ọjà lọ́wọ́ wọn, Excel wá gbà á lọ́wọ́ Lotus. Ó dùn mí fún Bricklin, torí gbogbo àpótí tí à ń kún lónìí, èrò ẹ̀ ni.

Word náà, 1983 ni, Charles Simonyi àti Richard Brodie ló ṣe é, Simonyi ti wà lára àwọn tó ṣe Bravo, sọ́fúwéà ìtẹ̀wé kan, ní ilé ìwádìí Xerox PARC tẹ́lẹ̀. Excel dé lọ́dún 1985, orí kọ̀ǹpútà Macintosh ti Apple ló ti bẹ̀rẹ̀. PowerPoint kì í ṣe ọmọ bíbí Microsoft, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Forethought ni wọ́n ti ṣe é, Microsoft fi mílíọ̀nù 14 dọ́là ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún 1987. Nígbà tó di 1989 wọ́n di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́rù kan, wọ́n pè é ní Office.

Ẹ lọ sọ́nà Iworoko nígbà tí àwọn ọmọ EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, bá ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì. Ọmọ kan á dé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, súpáfáísọ̀ ní kí n yí ọ̀rọ̀ yìí padà jálẹ̀ ni o." Ojú ewé 80! Bọ̀ọ̀dá á tẹ Ctrl àti H, á kún àpótí méjì, ọmọ yẹn ò ní tíì mu píọ̀ wọ́tà ọwọ́ ẹ̀ tán tó máa ti parí.

Yorùbá ló pẹ́ kó tó jàǹfààní ẹ̀. Kí Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1991, tó wá rìnlẹ̀, fọ́ǹtì kálukú ló ní ọgbọ́n tiẹ̀, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ dáadáa níbí, tẹ́ ẹ bá gbé e dé orí kọ̀ǹpútà míì, gbogbo ẹ̀ á ti di àpótí òfìfo.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù síwájú Àǹtí mi nígbà tí mo wálé, mo ṣí Word, mo fi ibi tí àmì wà hàn wọ́n. Wọ́n rọra tẹ Adó-Èkìtì, àmì ẹ̀ pé pérépéré. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá pa á rẹ́, wọ́n tún un tẹ̀.