Ọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ń bára wọn sọ

Ẹni tó bá ń fi kámẹ́rà ya àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ fáwọn tó ń tajà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, mọ̀ pé ojú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà kì í sọ òótọ́ tán. Ìlà tín-ínrín tí ẹ̀kọ fi sílẹ̀ lára aṣọ lè rí kedere níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé ó ti ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí àwòrán máa hàn lójú ńlá bí wọ́n ṣe ń yà á.

Àṣìṣe gbáà ni kí wọ́n máa pe kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní fláàṣì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Fláàṣì kì í dá sí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà ló ń kà á, tó ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Kámẹ́rà ní tirẹ̀ máa ń fèsì. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni PTP (Picture Transfer Protocol, ìlànà fún gbígbé àwòrán), tó wà nínú ìwé ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ ISO 15740.

Kọ̀ǹpútà dà bí ìyá aláró, kámẹ́rà ni ọmọ iṣẹ́. Ìyá á kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?" Ọmọ á ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kámẹ́rà tí kò bá ka gbígba àṣẹ yíyàwòrán mọ́ ọn, pàbó ni ẹni tó ń wá sọ́fúwíà kiri fún un ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ á dé: yà á. Ọmọ á yà á, ṣùgbọ́n kò ní sáré gbé e wá. Á kéde pé tuntun ti dé, á sọ nọ́ńbà rẹ̀, ó di ìgbà tí ìyá bá béèrè. Ọgbọ́n ńlá nìyí, torí bí ọwọ́ kọ̀ǹpútà bá dí, àwòrán ṣì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ kámẹ́rà.

Ibi tó kù sí ni pé ìyá méjì kò lè rán ọmọ yìí níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò tó ń ṣí fáìlì sábà máa ń gba kámẹ́rà mọ́ra kí gphoto2, sọ́fúwíà tó ń darí kámẹ́rà, tó dé, wáyà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ làwọn èèyàn á wá máa bú. Kí wọ́n pàṣẹ fún ètò fáìlì náà kó jọ̀wọ́ kámẹ́rà, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Wáyà náà lẹ́bi tirẹ̀ nígbà mìíràn: iná nìkan làwọn wáyà fóònù kan ń gbé, kò sí ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ti USB 2.0 kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 5 lọ.