Ìkànnì aládàkọ àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ìkànnì aládàkọ ni ìkànnì tó ń kó àpilẹ̀kọ, àwòrán tàbí fídíò oníṣẹ́ láìgba àṣẹ, tó sì ń gbé e jáde bí iṣẹ́ ara rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí owó ìpolówó ọjà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní òǹkọ̀wé kankan: ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ìkànnì oníkànnì, tó sì ń wọ́ ìròyìn bó ṣe ń jáde. Ní Ìbàdàn, níbi tí Oxford University Press ti ṣí ẹ̀ka sílẹ̀ tí ìwé ìròyìn Nigerian Tribune náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1949 kan náà, àwọn atẹ̀wé ti ń bá àwọn tó ń jí ìwé tẹ̀ fà á kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé.

Ọ̀nà tó yá jù láti wádìí ni kí a mú gbólóhùn kan láti àárín àpilẹ̀kọ, kí a fi àmì àyọlò há a láàárín, kí a wá a lórí Google. Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ló ṣeé lò. Ẹni tó bá wá "Ìbàdàn Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé" yóò rí ìkànnì rẹpẹtẹ tí kò jí ohunkóhun, torí oríkì ìlú ni. Gbólóhùn tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ hun ló wúlò.

Èdè Yorùbá tún ní wàhálà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tọ́jú "ẹ" bí lẹ́tà kan ṣoṣo (nọ́ńbà tó fi ń dá a mọ̀ ni U+1EB9), ó sì lè tọ́jú rẹ̀ bí "e" tí a fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) kún. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan, wọn kò jọra rárá, àwárí sì lè fo àdàkọ tó wà níta gbangba. Ó dára kí a wá a lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú àmì, lẹ́ẹ̀kan láìsí àmì. Àmì yìí kan náà a sì máa tú àṣírí: bí ìpínrọ̀ kan bá kún fún àmì ohùn, tí èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ẹyọ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ méjì ló kọ wọ́n.

Aládàkọ kì í sábà ka ohun tó kó. Ẹ ó rí "akọ̀ròyìn wa tó lọ sí Ọjà'ba" lórí ìkànnì tí kò ní àdírẹ́sì tàbí orúkọ akọ̀ròyìn kankan, tàbí "bí a ṣe sọ lánàá" níbi tí wọn kò sọ nǹkan kan lánàá. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ túmọ̀ ìròyìn láti èdè kan sí èkejì. Ìtumọ̀ láìgba àṣẹ pẹ̀lú rú òfin.

Déètì tó wà lórí ìkànnì kì í ṣe ẹ̀rí, torí ẹni tó ni ín lè dá a padà sẹ́yìn. Wayback Machine, ibi ìpamọ́ ẹ̀dà ojú ewé àtijọ́ tí Internet Archive ṣí fún aráyé ní 2001, ṣeé gbára lé jù ú lọ, bí kò tilẹ̀ tọ́jú gbogbo ojú ewé. Ní ti àwòrán, TinEye àti Google lè fi àwòrán wá àwòrán, kó fi hàn bí ẹnì kan bá gbé àwòrán omíyalé Ìbàdàn ti 26 Oṣù Kẹjọ 2011 jáde bí ti ọdún yìí.

Ìjọra nìkan kò tó láti peni lólè. News Agency of Nigeria ń ta ìròyìn kan náà fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe kọ ọ́ ló ní ẹni tó ni ín.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní Nàìjíríà, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní Oṣù Kẹta 2023, gba oníṣẹ́ láàyè láti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì náà sílé pé kí wọ́n mú iṣẹ́ òun kúrò. Bí iléeṣẹ́ náà bá wà ní Amẹ́ríkà, DMCA, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Amẹ́ríkà ní 1998, ni ìwé náà máa ń dúró lé. Kí oníṣẹ́ tó kọ ìwé náà, ó yẹ kó ti ya àwòrán ojú ewé náà pamọ́, torí aládàkọ lè pa á rẹ́ kó sì gbé e lọ sí àdírẹ́sì mìíràn.