Bí Òfin Ikú Aláìsàn Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Oregon

Ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, aláìsàn tí ikú ti sún mọ́ lè gba oògùn tí yóò fi kú lọ́wọ́ dókítà, kí òfin má sì mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú ló dìbò fún òfin tó gba èyí láàyè ní 1994, ìbò díẹ̀ ni wọ́n sì fi borí. Ẹjọ́ dá a dúró títí di 1997, ọdún tí wọ́n tún dìbò bóyá kí wọ́n wọ́gi lé e, tí ìdá 60 nínú 100 sì ní kí ó dúró.

Ẹni tí yóò lo òfin yìí gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 18, kí làákàyè rẹ̀ pé, kí dókítà méjì sì gbà pé àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn, pé kò sì ní lò ju oṣù 6 lọ láyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fi ẹnu béèrè, ọjọ́ 15 yóò sì wà láàrin, àfi bí ó bá hàn pé ọjọ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwé wà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí méjì, tí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀ tàbí ẹni tí yóò jogún rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí àwọn ọmọ ti ń wo ilé bàbá wọn nígbà tí bàbá ṣì wà lórí àìsàn yóò mọ ìdí tí gbólóhùn yìí fi wọ inú òfin.

Dókítà kò gbọdọ̀ gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ikú, bí wọ́n ti lè ṣe ní Kánádà. Ìwé oògùn ló ń kọ. Aláìsàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife sẹ́nu. Ó lè yí ọkàn padà nígbàkigbà, lọ́dọọdún sì ni àwọn kan ń gba oògùn náà, tí wọn kò mu ún, tí àìsàn fúnra rẹ̀ sì wá pa wọ́n.

Níbi ife yìí ni àríyànjiyàn ti le jù, ó sì tọ́ kí ó le. Òfin tó béèrè ẹlẹ́rìí méjì fún ìwé kò béèrè ẹyọ kan lójú ibùsùn lọ́jọ́ tí wọ́n ń mu oògùn, nítorí náà àwọn tó takò ó ń béèrè ta ni yóò mọ̀ bí ẹlòmíràn bá ti ọwọ́ arúgbó kan síwájú. Àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn pé ọwọ́ aláìsàn gan-an ni ààbò. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ń sọ iṣan rẹ̀ di rírọ díẹ̀díẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ òun kò ní pẹ́ kọ iṣẹ́, ó sì lè di dandan fún un láti mu ún nígbà tí ayé ṣì ń wù ú, kí agbára láti gbé e mì tó tán.